Bí A Ṣe Ń Dá Owó Idẹ Àtijọ́ Ilẹ̀ Japan Mọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Owó idẹ àtijọ́ ilẹ̀ Japan, èyí tí ó ní ihò onígun mẹ́rin láàárín, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Òkìtì-òkìtì ni àwọn tó ń ta owó àtijọ́ ń tà á, nítorí iye tí wọ́n dà ní ayé ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ kò kéré rárá. Ohun tó ṣòro ni láti sọ ìgbà tí wọ́n ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni, àti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo lẹ́tà mẹ́rin tó wà lójú owó náà, wọ́n á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, wọ́n á gbọ́ pé "Kan'ei" ni, wọ́n á rí i pé sáà Kan'ei (orúkọ tí ìjọba Japan fún ìgbà kan) bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1624, ó sì parí ní 1644, wọ́n á wá gbà pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò bùṣe. Orúkọ sáà tó wà lójú owó yẹn ni orúkọ tí ìjọba fún un nígbà tó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀: títí wọ inú àwọn ọdún 1860 ni wọ́n ṣì ń da owó tí a kọ Kan'ei sí lára, tó fi jẹ́ pé ẹyọ méjì tí ọ̀rọ̀ ojú wọn kò yàtọ̀ rárá lè fi ọdún 200 ju ara wọn lọ. Ẹ̀yìn owó, etí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ẹsẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ òótọ́, ibẹ̀ sì ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò pẹ́ sí jù.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kó ohun èlò jọ, ẹ má sì tíì fọ ohunkóhun

Ẹ ó nílò rúlà tó ń fi mìlímítà hàn, òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, òòfà kékeré kan, awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú, iná tábìlì tí a lè gbé sí ẹ̀gbẹ́, àti aṣọ funfun tó rọ̀ tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ owó náà. Iná ẹ̀gbẹ́ wúlò ju iná òkè lọ, nítorí òjìji tí lẹ́tà bá sọ sílẹ̀ ni ojú fi ń rí èyí tó ti fẹ́ pa rẹ́. Bí owó náà bá dọ̀tí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ̀ bóyá ti Japan ni lóòótọ́

Ilẹ̀ Korea àti Vietnam náà da irú owó yìí, ọ̀dọ̀ Ṣáínà ni gbogbo wọn sì ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá rí ìkọ̀wé Manchu, tó gùn gbọọrọ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ní apá ọ̀tún àti apá òsì ihò lẹ́yìn owó, ti Ṣáínà nígbà ìjọba Qing ni. Bí ẹ̀yìn bá kún fún lẹ́tà ní òkè, ní ìsàlẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Korea. Ẹ̀yìn owó Japan sábà máa ń ṣófo, tàbí kí ó ní lẹ́tà kan ṣoṣo, tàbí kí ó ní ìlà ìgbì omi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ti Japan" kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó da owó kan nù pé ti Ṣáínà ni. Ìjọba olú ọba Japan ti ń da owó bàbà láti ìparí ọ̀rúndún keje. Irú èyí tí wọ́n hú jáde ní Asuka-ike ní agbègbè Nara nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, tí a ń pè ní Fuhonsen, dàgbà ju Wado Kaichin ti ọdún 708 lọ, èyí tí gbogbo ènìyàn ti ń pè ní àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀. Wado Kaichin jáde lẹ́yìn tí wọ́n rí bàbà ní Chichibu, ní agbègbè tí a ń pè ní Saitama lónìí, inú ìjọba sì dùn sí i débi pé wọ́n tìtorí rẹ̀ yí orúkọ sáà padà sí Wado. Owó Kaiyuan Tongbao, tí ìjọba Tang bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní Ṣáínà ní 621, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. Àwọn ará ìlú kò tètè gbà á. Ní ọdún 711 ìjọba ní láti ṣe òfin pé ẹni tó bá tọ́jú owó púpọ̀ jọ yóò gba oyè láàfin, èyí tó jọ mí lójú gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ìjọba tí ọjà kò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Oríṣi owó méjìlá ni wọ́n dà tẹ̀léra láti 708 títí di 958. Lọ́pọ̀ ìgbà tí tuntun bá jáde, ìjọba á pàṣẹ pé ẹyọ kan rẹ̀ tó mẹ́wàá ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni tuntun ọ̀hún ń kéré sí i, tí òjé inú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ọkàn àwọn ènìyàn kúrò lára rẹ̀, wọ́n padà sí fífi ìrẹsì àti aṣọ ṣe pàṣípààrọ̀, ìjọba sì jáwọ́ nínú dída owó. Láti ọ̀rúndún kejìlá títí wọ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, owó Ṣáínà ni àwọn oníṣòwò ń kó wọlé tí gbogbo ìlú sì ń ná: ti ìjọba Song ló pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìjọba Ming, pàápàá èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní Eiraku Tsuho. Nígbà tí èyí tó ń wọlé kò tó ná mọ́, àwọn kan ní Japan fúnra wọn ń fi owó Ṣáínà tẹ yanrìn, wọ́n á da ẹ̀dà rẹ̀. Owó tó ti jẹ, tó ti fọ́ tàbí tó jẹ́ ẹ̀dà wá pọ̀ lọ́jà débi pé olùtajà á jókòó tì í, á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbà á. Àwọn olórí agbègbè ṣe òfin lórí èyí láìmọye ìgbà, Oda Nobunaga sì ṣe tirẹ̀ ní 1569, ó sọ iye ẹyọ burúkú tí yóò dúró fún ẹyọ rere kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí owó tí orúkọ ọba Ṣáínà wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó fẹ́lẹ́, tí lẹ́tà rẹ̀ kò mú, tó sì kéré díẹ̀ sí èyí tó yẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀dà ti Japan. Bákan náà, láti 1659 títí di 1685, wọ́n da owó ní Nagasaki tí wọ́n kọ orúkọ sáà ìjọba Song sí, Genho Tsuho, láti tà fún àwọn oníṣòwò Ṣáínà àti àwọn ará Netherlands tó ń kó o lọ sí Vietnam. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ kó irú àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àgbà nínú iṣẹ́ yìí náà ń jiyàn lórí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Òòfà, rúlà, òṣùwọ̀n

Bí òòfà bá gbé e, irin ni, kì í ṣe idẹ. Èyí kò sọ ọ́ di ayédèrú, nítorí láti 1739 ni wọ́n ti ń fi irin da Kan'ei Tsuho nígbà tí bàbà di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú bàbà ilẹ̀ náà sì ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkèèrè láti Nagasaki.

Èyí tí òòfà kò bá gbé, ẹ wọn ìbú rẹ̀, ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mon ni orúkọ tí wọ́n fi ń ka iye owó yìí. Ẹyọ mon kan máa ń jẹ́ mìlímítà 23 sí 25, ìwọ̀n rẹ̀ sì máa ń wà láàárín gíráàmù 2.5 sí nǹkan bí 4. Ẹyọ mon mẹ́rin ti Kan'ei tó mìlímítà 28, ó sì wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 5. Bunkyu Eiho ti 1863, tó jẹ́ mon mẹ́rin pẹ̀lú, fẹ́lẹ́ jù ú lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá gíráàmù 3.5. Hoei Tsuho ti 1708 fẹ̀ tó mìlímítà 37. Tenpo Tsuho kò rí róbótó bí ìyókù: ó gùn ní nǹkan bí mìlímítà 49, ó fẹ̀ ní 32, ó sì wúwo ju gíráàmù 20 lọ. Ìwọ̀n gíráàmù 3.75, tí wọ́n ń pè ní momme, ni wọ́n ń fojú sùn fún ẹyọ mon kan tó dára, àwọn tó ń ta péálì sì ń fi ìwọ̀n yẹn wọn ọjà wọn títí di òní.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ yín kò bá ní ihò rárá, tó sì ní àwòrán dírágónì, kò sí nínú ìdílé yìí. Ilé iṣẹ́ owó ti Osaka ló fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí òfin 1871 sọ yen di owó Japan, ọdún sì wà lára rẹ̀: ẹ fi 1867 kún iye ọdún sáà Meiji tí a kọ sí i, kí ọdún 8 di 1875.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ojú rẹ̀

Ẹ gbé owó náà kí ó dúró gírí. Òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún, òsì sì ni ìparí. Báyìí ni a ṣe ń ka 寛永通寳, Kan'ei Tsuho. 文久永寳, Bunkyu Eiho. Àti 寳永通寳, Hoei Tsuho. Ẹni tí kò mọ̀wé ilẹ̀ náà lè fi Hoei pe Kan'ei, nítorí lẹ́tà òkè nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n rúlà ti yanjú èyí tẹ́lẹ̀. Ti Tenpo, 天保通寳, pín sí méjì: lẹ́tà méjì wà lókè ihò, méjì wà nísàlẹ̀. Ti Wado Kaichin, 和同開珎, yí po láti òkè gba ọ̀tún.

Lórí Bunkyu Eiho, ẹ óò rí ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ọ̀kan kọ lẹ́tà òkè lọ́nà tó ṣe gún-ún, 文. Èkejì kọ ọ́ lọ́nà ìkọ̀wé kánkán, tó fi dà bí 攵. Ẹ̀kẹta gé lẹ́tà òsì kúrú sí 宝. Gbogbo wọn ni ojúlówó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wo ẹsẹ̀ lẹ́tà ìkẹyìn

Ibi tí a ti ń ya Kan'ei àtijọ́ kúrò lára Kan'ei tuntun nìyí. Ẹ gbé awò sí lẹ́tà 寳 tó wà lápá òsì, kí ẹ wo ẹsẹ̀ méjì kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá so pọ̀ lókè, tó dà bí ス, Kan'ei àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n dà kí ọdún 1659 tó parí. Bí wọ́n bá yàgò fún ara wọn bí ハ, Kan'ei tuntun ni, láti 1668 wá.

Wọ́n kọ́kọ́ da irú owó yìí ní Mito ní 1626, ṣùgbọ́n ọdún 1636 ni ìjọba Shogun (olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà) Tokugawa Iemitsu sọ ọ́ di owó gbogbo ilẹ̀, tí ilé ìdawó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Edo, tí í ṣe Tokyo òní, àti ní Sakamoto nítòsí Kyoto. Ọdún kan ṣáájú èyí ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìjòyè agbègbè láti máa lọ gbé ní Edo lóòrèkóòrè. Ẹgbẹ́ ńláńlá ló ń tẹ̀ lé wọn lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń sùn sílé èrò, tí wọ́n ń ra oúnjẹ, owó wẹ́wẹ́ tí gbogbo ìlú gbà sì di ohun tí a kò lè ṣe aláìní. Ní 1670 ìjọba fòfin de owó Ṣáínà, ilẹ̀ Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná kìkì owó tirẹ̀. Lábẹ́ òfin, mon 4,000 ló dúró fún owó wúrà ryo kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà ní iye tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yí i padà

Ẹ̀yìn tó ṣófo kò sọ púpọ̀; ẹ padà sí ẹsẹ̀ lẹ́tà àti ìwọ̀n. Bí lẹ́tà 文 bá wà lókè ihò, ẹ ti rí ọ̀kan nínú èyí tó dára jù nínú gbogbo Kan'ei, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní Kameido ní Edo ní 1668. Ìtàn kan wà pé ère Búdà ńlá ti tẹ́ńpìlì Hokoji ní Kyoto, tí ìmìtìtì ilẹ̀ bà jẹ́ ní 1662, ni wọ́n yọ́ dà á. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò gbà á, ẹ má sì jẹ́ kí òǹtajà fi í bu owó lé ọjà.

Àwọn lẹ́tà mìíràn ń tọ́ka sí ibi ìdawó. 佐 ni erékùṣù Sado, 足 ni Ashio níbi tí ìwakùsà bàbà ńlá wà, 長 ni Nagasaki, 元 ni Osaka, 小 ni Koume ní Edo, 仙 sì ni Sendai.

Ìgbì omi lẹ́yìn owó túmọ̀ sí mon mẹ́rin. Ẹ ka ìlà rẹ̀ lábẹ́ awò: 21 ni ti 1768, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 11 ni láti 1769 lọ. Idẹ inú èyí yàtọ̀, nítorí bàbà tí a fi sínkì lù ni, ó sì máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi tí kò bá tíì ṣú, nígbà tí ti mon kan jẹ́ bàbà pẹ̀lú tánńganran àti òjé. Ẹyọ mẹ́rin irú èyí, ìyẹn mon 16, ni iye tí wọ́n ń ta abọ́ soba (oúnjẹ tó jọ núdù) kan ní Edo fún ìgbà pípẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Etí àti ihò

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe da owó yìí kò ní tètè ra ayédèrú. Wọ́n á kọ́kọ́ fín ẹyọ kan tó dára gan-an, wọ́n á fi èyí da àwọn ìyá owó, tó tóbi díẹ̀ ju èyí tí wọ́n fẹ́, nítorí idẹ máa ń sún kì bí ó bá tutù. Wọ́n á to àwọn ìyá owó sínú àpótí yanrìn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á kó wọn kúrò, wọ́n á sì da idẹ yíyọ́ gba ojú ọ̀nà tóóró tó so gbogbo ààyè náà pọ̀. Ohun tó ń jáde dà bí ẹ̀ka igi tó so owó; wọ́n á já a lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀pá onígun mẹ́rin gún ọ̀pọ̀ wọn pọ̀ kí wọ́n má bàa máa yí, wọ́n á sì fi ayùn pẹlẹbẹ ha etí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí ihò fi ní igun mẹ́rin nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ojúlówó fi máa ń ní ìlà híha wẹ́wẹ́ létí lábẹ́ awò.

Etí tó dán bọ̀rọ́ láìsí híha kankan, ihò róbótó kéékèèké káàkiri ojú owó, ìlà ìsopọ̀ tó la àárín etí já, tàbí àwọ̀ ewé tó rí bí ọ̀dà tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, ìwọ̀nyí ni kí ẹ máa fura sí. Kan'ei lásán kò gbówó lórí, ìdí yìí ni àwọn oníṣẹ́ ayédèrú kì í fi í da ara wọn láàmú. Wado Kaichin ni wọ́n ń dojú kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà á fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ gbà pé ẹ̀dà fún arìnrìn-àjò ni, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí ẹṣin tàbí òrìṣà ọrọ̀ bíi Daikoku wà lára rẹ̀: ohun oríire ni wọ́n fi ṣe, kò jẹ́ owó rí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́, ó sì ní àwọn tirẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bí ó bá jẹ́ Tenpo

Tenpo Tsuho yẹ kó dá dúró. Ó jáde ní 1835 gẹ́gẹ́ bí mon 100, bẹ́ẹ̀ bàbà inú rẹ̀ kò ju ti ẹyọ mon kan mẹ́fà tàbí méje lọ. Èrè ìjọba ni ìyókù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní 當百 lókè ihò, tó sọ pé ọgọ́rùn-ún ni iye rẹ̀, ó sì ní àmì ìbuwọ́lùwé ìdílé Goto, àwọn alábòójútó ilé owó wúrà, nísàlẹ̀. Ẹ gbé etí rẹ̀ sábẹ́ awò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: òǹtẹ̀ kékeré kan, tó ní ìrísí ewé igi paulownia, yẹ kó wà níbẹ̀.

Èrè yẹn fa ojú àwọn agbègbè mọ́ra. Satsuma gbàṣẹ ní 1862 láti da Ryukyu Tsuho, tó bá Tenpo dọ́gba ní ìrísí, wọ́n sì fi ìbòjú rẹ̀ da Tenpo fúnra rẹ̀ láìgbàṣẹ. Mito, Aizu àti àwọn mìíràn náà ṣe tiwọn. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń san owó gidi lórí àwọn ayédèrú ìgbà yẹn, wọ́n sì ń dá wọn mọ̀ nípa òǹtẹ̀ etí tó yàtọ̀ àti lẹ́tà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó sanra ju ti Edo lọ. Nígbà tí ìjọba Meiji dé, rin 8 ni wọ́n ka Tenpo sí, nígbà tí Kan'ei mon kan ti bàbà jẹ́ rin 1, ẹgbẹ̀rún rin sì ni yen kan. Títí di ìparí ọdún 1953 ni òfin ṣì ka Kan'ei sí owó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Fífọ̀ àti ìpamọ́

Mo ti ní kí ẹ má fọ̀ ọ́. Àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó bo idẹ ló ń dáàbò bò ó, òun náà ló sì ń fi lẹ́tà hàn. Ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, yanrìn àti ohun ìdándẹ á bó o kúrò, owó náà á máa tàn yanran, iye rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Bí amọ̀ bá bo lẹ́tà, ẹ rì í sínú omi distilled fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ sì fi igi ìtayín ti amọ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ìpáàrà aláwọ̀ ewé tó le tó sì lẹ̀ mọ́ ọn kì í ṣe ewu. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù, tó ń rọ́ bí ìyẹ̀fun tó sì ń padà wá lẹ́yìn tí a gbọ̀n ọ́n dànù, àìsàn idẹ ni, iyọ̀ àti ọ̀rinrin ló ń fà á. Ẹ ya irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kíákíá, ẹ gbé e sínú ike tó dé pinpin pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ẹni tó ń gbé níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ gbọ́dọ̀ tẹra mọ́ èyí. Ẹ má lo ike PVC tó rọ̀, nítorí ó máa ń sunkún sára owó tó bá pẹ́. Àpòòwé bébà tí kò ní ásíìdì sàn jù. Ẹ má sì já okùn bí ẹ bá rí wọn ní sísín: bí a ṣe ń sín owó ẹyọ ní ogójì-ogójì ni àwọn ará Japan ń sín tiwọn ní 96, wọ́n á sì ka okùn náà sí 100 lọ́jà, nítorí náà okùn tó pé ṣì jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Kí ẹ tó ti àpòòwé, ẹ kọ orúkọ owó, àtijọ́ tàbí tuntun, ohun tó wà lẹ́yìn, ìbú, ìwọ̀n, bí òòfà ṣe ṣe sí i, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti rà á. Fún àpẹẹrẹ: "Kan'ei Tsuho, tuntun, mon 1, ẹ̀yìn 文, mìlímítà 25, gíráàmù 3.6, òòfà kò gbé e, etí ní híha." Ẹ ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn pẹ̀lú iná ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè fi í wé àwọn tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé owó ti Báǹkì Japan ní Tokyo tàbí ní British Museum ní London. Èyí tí ẹ kò bá lè parí dá mọ̀, ẹ fi àmì ìbéèrè sí iwájú orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, kí ẹ má fi bíró kọ ọ́.